Èèpo Tí Mo Bó ní Ndogbong

Ní Ndokoti, oríta ńlá kan ní Douala ní Kamẹrúùnù, ọwọ́ mi ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ orúkọ mi. "Tantine, viens coller," àǹtí, wá lẹ̀ ẹ́, ni wọ́n máa ń sọ, wọ́n á na fóònù tuntun sí mi kí n bá wọn lẹ gíláàsì tín-ín-rín mọ́ ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí ní oríta náà, lábẹ́ agboòrùn, níbi tí àwọn takisí ti ń fun fèrè mọ́ ara wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo eruku yẹn, afẹ́fẹ́ kì í há sábẹ́ gíláàsì tí èmi bá lẹ̀.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ má baà rò pé owú tí mo fẹ́ ròyìn jẹ́ owú ọ̀lẹ. Mo níṣẹ́ lọ́wọ́, iṣẹ́ náà sì mọ́ mi lọ́wọ́. Mo jowú ṣá. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jowú ọ̀rẹ́ mi, mo sì mọ owú náà bí ẹni mọ ọbẹ̀ ilé ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo ń bá ọ̀dọ́kùnrin kan lẹ gíláàsì lọ́wọ́ nígbà tí Màámi pè láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo fi fóònù sórí itan, mo jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta.

"Ọmọ mi, ṣé o ti gbọ́? Mojí ń bọ̀ ní Douala ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló wá sọ fún mi lánàá. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ fẹ́ ṣèpàdé, wọ́n ní kó wá bá wọn sọ̀rọ̀ nípa iná tó ń tàn yẹn."

"Mo ti gbọ́, mà." Mi ò tíì gbọ́. Mojí ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi láti ọjọ́ mẹ́ta, mi ò kàn ṣí i ni.

"Kó o tọ́jú rẹ̀ dáadáa o. Kó o se oúnjẹ gidi fún un, òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ọmọ náà lára lọ́hùn-ún. Háà, Mojí! Ọmọ náà ti di èèyàn ńlá."

Ibi tó ti ní "èèyàn ńlá" yẹn ni ọwọ́ mi ti yẹ̀. Afẹ́fẹ́ kékeré kan wọ abẹ́ gíláàsì, ó rí róbótó bí ẹyin ìdun. Ọ̀dọ́kùnrin náà tẹ orí bọ ọwọ́ mi, ó ní, "Tantine, toi aussi?" bí ẹni ń bi mí pé, ìwọ náà ń ṣe irú èyí? Mo bó o, mo tún un lẹ̀.

Yunifásítì kan náà ni èmi àti Mojí lọ, yàrá kan náà la sùn fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀kọ́ físíìsì la jọ kọ́. Ní ọdún tí a fẹ́ jáde, olùkọ́ wa fún wa ní iṣẹ́ kan tó dà bí eré ọmọdé. Ó fún wa ní ègé ohun dúdú tí wọ́n fi ń ṣe inú pẹ́ńsùlù, ó ní kí a fi sẹ́lótéèpù máa bó o, kí a bó o títí tí yóò fi ku èèpo kan tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan ṣoṣo lọ. Wàá lẹ̀ ẹ́, wàá fà á. Wàá ká sẹ́lótéèpù náà pọ̀, wàá tún fà á. Bó o bá fi ìbínú fà á, ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ọwọ́ Mojí máa ń làágùn. Sẹ́lótéèpù á lẹ̀ mọ́ ọn níka, á lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀, á lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ nígbà mìíràn. Èmi ni mo bó o. Lọ́jọ́ tí a rí èyí tó fẹ́lẹ́ jù lábẹ́ máíkírósíkóòpù àtijọ́ tó wà ní ẹ̀ka wa, kò jọ nǹkan kan. Ó dà bí ibi tí omi ti gbẹ lórí àwo. A ò tilẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹyọ kan ni. Mojí fò sókè, ó gbá mi mọ́ra, ó ní, "Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀!" Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, àyè kan ṣoṣo yọ ní Jámánì fún ẹni tó fẹ́ máa ṣe irú iṣẹ́ yẹn lọ. Àwa méjèèjì kọ̀wé sí wọn. Mojí ni wọ́n mú. Ó mọ ìwé kọ jù mí lọ, mo gbà, ẹ má bá mi jiyàn sí i. Òun ló sunkún lọ́jọ́ náà, èmi ni mò ń pàrọwà fún un. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìgbà yẹn ni mo wá sí Douala sọ́dọ̀ Bọ̀ọ̀dá Láyí, àbúrò Màámi tó ń ta léèsì ní ọjà Mboppi. Mo ní ọdún kan péré ni mo máa lò, kí n fi gbọ́kàn kúrò lára ọ̀rọ̀ náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo dé, Bọ̀ọ̀dá Láyí ní kí n wá kí ìyá kan tó jẹ́ oníbàárà òun. Mo kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ẹnu ya obìnrin náà, ó wo ilẹ̀, lòun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ wá nǹkan káàkiri abẹ́ tábìlì. "Tu as perdu quoi, ma fille?" Ó rò pé yẹtí mi ló já bọ́. Mi ò gbọ́ Faransé kankan nígbà yẹn, mo rò pé bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni níbí nìyẹn, ni mo bá ń bá a fọwọ́ pa ilẹ̀. Àwa méjèèjì wà lórí eékún láàárín ọjà, à ń wá ohun tí kò sọnù. Bọ̀ọ̀dá Láyí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Nígbà tí mo délé ni mo tó sunkún.

Òjò Douala kì í rọ̀ kó dá bọ̀rọ̀. Ní oṣù Keje, mo lè jókòó nínú yàrá mi ní àdúgbò Ndogbong látàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí páànù máa dún lórí mi, kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Irú àkókò bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwòrán Mojí máa ń wọlé sórí fóònù: yàrá dúdú, tábìlì irin ńlá tí dígí kéékèèké kún orí rẹ̀, ìtànṣán pupa kan tó ń fò láti dígí dé dígí, àti Mojí fúnra rẹ̀ nínú awò aláwọ̀ ewé, tó ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń dá a lóhùn pé, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run." Lẹ́yìn náà mo máa ń da fóònù bo ojú dé lórí bẹ́ẹ̀dì. Mi ò bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀ rí, òtútù nìkan ni mo máa ń bi í. Mo fẹ́ kó sọ fún mi pé òtútù náà pọ̀, kó lè ku nǹkan kan tí èmi ní tí òun ò ní.

Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ gbé relé? Màámi á ní, "Mojí ra aṣọ fún ìyá rẹ̀," mo sì mọ̀ pé kò fi bú mi. Ẹni tó ń jowú ni kì í nílò èébú kó tó gbọ́ èébú.

Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe ní ìlú yìí tó wú mi lórí ni Faransé. Ẹnu àwọn oníbàárà ni mo ti kọ́ ọ, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, títí mo fi lè bá ọlọ́pàá jiyàn kí n sì borí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ndogbong, Yorùbá ni àwọn àgbà ń sọ, àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí ò sì gbọ́ ju "ẹ káàárọ̀" àti "wá jẹun" lọ. Ọdún kẹrin rèé tí wọ́n ti fi mí ṣe ògbùfọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pásítọ̀, òfin kan ló fún mi: "Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Bí mo bá ní 'mo', kí ìwọ náà ní 'mo'." Mi ò rú òfin náà rí títí Mojí fi dé.

Ó dé ní ọjọ́bọ̀. Orí bendskin, ìyẹn alùpùpù tó ń gbé èrò, ló ti sọ̀ kalẹ̀ níwájú àga mi ní Ndokoti, eruku bò ó lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó jókòó tì mí fún wákàtí méjì, ó ń wo bí mo ṣe ń lẹ gíláàsì. "Ọwọ́ yìí ṣì wà!" ló ń wí ṣáá. "Ẹ wò ó, ọwọ́ yìí ṣì wà!" Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Nígbà tí a dé Mboppi, Bọ̀ọ̀dá Láyí tú léèsì sílẹ̀ fún un, ó wò mí, ó wò ó, ó mi orí. "Ìwọ náà ìbá ti wà ní Jámánì yẹn," ló sọ fún mi, kò sì ní ibi kankan lọ́kàn. Mo ká léèsì tó tú sílẹ̀ padà, mo ká a ju bó ṣe yẹ lọ.

Pásítọ̀ gbọ́ pé ó dé. Ó ní lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kó jọ̀ọ́ kó bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ohun tó ń ṣe, bóyá Ọlọ́run á gbé ọ̀kan dìde nínú wọn. Mojí ò gbọ́ Faransé. Ta ni yóò túmọ̀ fún un? Gbogbo ojú yí sí mi.

Àwọn ọ̀dọ́ náà tó nǹkan bí ogójì, àwọn àgbà kan sì jókòó sẹ́yìn. Grâce, ọmọ ìyá kan tó ń tajà ní Mboppi, wà níwájú pátápátá pẹ̀lú bíírò àti ìwé. Mojí bẹ̀rẹ̀.

"Iná tí mò ń lò kì í tàn pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ mú ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ẹ pín in sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan. Ẹ mú ẹyọ kan nínú rẹ̀, kí ẹ tún pín ìyẹn sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Ìwọ̀nba irú díẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni iná mi fi ń tàn, tí yóò sì kú."

Mo la ẹnu. "Ma lumière est très rapide," ni mo wí, pé iná mi yára gan-an, mo sì pa ẹnu dé.

Grâce ń retí èyí tó kù. Mo wo òkè àjà.

"Ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ìgbì," ni Mojí wí. "Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bíi jangirọ́fà. Nínú èèpo tó fẹ́lẹ́ tó èyí tí mò ń lò, àwọn ẹ̀lẹ́kítíróònù ò rí òkè tàbí ìsàlẹ̀ sá sí, ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù fún wọn. Bí mo bá ti ìgbì náà lásìkò tó yẹ, wọ́n á yà sọ́tùn-ún. Bí mo bá yí i padà díẹ̀, wọ́n á yà sósì. Ẹ jẹ́ ká ní ọ̀tún ni bẹ́ẹ̀ ni, òsì ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Gbogbo fóònù tó wà lápò yín, 'bẹ́ẹ̀ ni' àti 'bẹ́ẹ̀ kọ́' ló fi ń ronú. Bó bá ṣeé ṣe kí ìmọ́lẹ̀ máa bá wọn yí i, ẹ̀rọ ọjọ́ iwájú yóò yára débi pé ti òní á dà bí ìgbín. A ò tíì débẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí wọn tí wọ́n yà síbi tí mo ní kí wọ́n yà sí."

Mo gbé e mì. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, èmi ni ó yẹ kí n ti sọ ọ́ níbì kan láyé yìí. "Je pousse les électrons avec la lumière," ni mo wí. "À droite, à gauche. C'est pour les téléphones." Mò ń fi ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀lẹ́kítíróònù, sọ́tùn-ún, sósì, torí fóònù ni: kò ju ìyẹn lọ.

Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọdún mọ́kànlá Mojí wà lẹ́nu mi, mo sì ń gé e bí ẹni gé èékánná. Àwọn ọmọ náà fẹ̀yìn ti àga. Ọ̀kan yọ fóònù. Grâce kọ ìlà méjì, ó fi bíírò sílẹ̀. Mojí ò gbọ́ ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n ó rí ojú wọn, ohùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Ó rò pé òun ni kò mọ ọ̀rọ̀ sọ.

"Ẹ jẹ́ kí n kúkú fi hàn yín," ló wí. Ó mú àpótí kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Òkúta dúdú kan, irú ti inú pẹ́ńsùlù, wà níbẹ̀, kò ju èékánná lọ, ó ń dán, pẹ̀lú sẹ́lótéèpù àti àwọn abala kéékèèké tó dà bí dígí, tí a óò tẹ èèpo lé. Ó gé sẹ́lótéèpù. Ooru Douala ti mú un, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti tutù fún òógùn. Ti àkọ́kọ́ ká mọ́ra. Ti ìkejì lẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó gbọn ọwọ́, kò já. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: "Wèè, la tantine!"

Ohun tí mo ti ń fẹ́ láti ọdún mọ́kànlá ló wá wà níwájú mi yìí. Ojú ti Mojí ní gbangba, ìdí rẹ̀ sì ni ọwọ́ tí èmi ní tí òun ò ní. Mo dúró kí n gbádùn rẹ̀. Ó dùn díẹ̀, ó sì tán. Mo ń wo ìka rẹ̀ tí sẹ́lótéèpù lẹ̀ mọ́, mo rántí yàrá wa, mo rántí sẹ́lótéèpù nínú irun rẹ̀.

Ó yíjú sí mi. "Ọlọ́wọ́ẹ̀rọ̀," ló wí, "gbà mí."

Mo gba sẹ́lótéèpù. Mo nu ọwọ́ mọ́ yẹ̀rì mi, mo lẹ òkúta náà, mo fà á. Mo ká a pọ̀, mo tún fà á. Dúdú rẹ̀ ń di eérú. Mojí dúró tì mí, ó sì ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ ní Yorùbá: "Ẹni tó ń bó o yìí ló kọ́ mi. Èèpo tí mo kọ́kọ́ fojú rí láyé, òun ló bó o. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ yìí, èmi ìbá má mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà."

Àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn pariwo, "Ẹn-ẹ́n!" Bọ̀ọ̀dá Láyí dìde dúró. Àwọn ọmọ ń wo ẹnu mi.

"Elle a dit quoi, tantine?" Grâce ló béèrè.

Má fi kún un, má yọ níbẹ̀. Ojú ń tì mí láti gbé ìyìn mi fúnra mi sẹ́nu lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo ti yọ. "Elle dit de regarder mes mains," ni mo wí, pé ó ní kí wọ́n wo ọwọ́ mi.

Wọ́n sún mọ́ mi, wọ́n ń wo ọwọ́ mi. Mi ò dúró de Mojí mọ́. Bí mo ṣe ń bó o lọ ni mò ń dá gbogbo ohun tí mo jí padà fún wọn: ìṣẹ́jú àáyá tí a pín sí mílíọ̀nù àti bílíọ̀nù, ìgbì, jangirọ́fà, bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo ní kí wọ́n ro Ndokoti wò lọ́jọ́ tó bá dí pátápátá, tí takisí ò lè fò sókè, tí kò lè wọlẹ̀, tó jẹ́ ọ̀tún tàbí òsì nìkan ló kù. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ darí wọn gbọ́dọ̀ yára ju wọn lọ. Mo ní, ọlọ́pàá náà ni ìmọ́lẹ̀ ọ̀rẹ́ mi. "À Ndokoti, ça n'existe pas!" ni ọmọ kan ké, pé irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ ò sí ní Ndokoti, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Grâce ti mú bíírò rẹ̀ padà. Mo tẹ èèpo tó kẹ́yìn mọ́ abala dígí, mo rọra gbé sẹ́lótéèpù kúrò.

Lẹ́yìn náà, èmi àti Mojí jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a ń mu ẹlẹ́rìndòdò.

"Níbẹ̀rẹ̀, o gé ọ̀rọ̀ mi kúrú," ló wí.

"Báwo lo ṣe mọ̀? O ò gbọ́ Faransé."

"Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn àkókò. Mo sọ gbólóhùn mẹ́wàá, o sọ ẹyọ kan. Mo kọ́kọ́ rò pé bí Faransé ṣe rí nìyẹn. Ìgbà tí èmi ò sọ nǹkan kan mọ́ lo wá ń sọ ogún."

Mo wo igo ọwọ́ mi. "Mò ń jowú rẹ, Mojí."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n mú ọ."

"Ó dùn mí," ló wí. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo máa ń pè ọ́, o kì í gbé e. Mo rò pé mo ṣẹ̀ ọ́." Ó mu èyí tó kù nínú igo rẹ̀, ó gba tèmi lọ́wọ́ mi, ó mu ún pẹ̀lú. Bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà nílé ìwé nìyẹn, mo sì jẹ́ kó mu ún.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí Mojí ti gbé èèpo náà padà sí Jámánì, mo wà ní Ndokoti nígbà tí àwòrán kan wọlé. Mo ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ó dúdú, ààlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà láàárín rẹ̀, bí ibi tí omi gbẹ sí lórí àwo. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹyọ kan ṣoṣo ni, kò lábàwọ́n. Òun la taná sí lónìí. Wọ́n yà síbi tí mo ní kí wọ́n yà sí." Àwòrán kejì jẹ́ ti àpótí tí wọ́n fi èèpo náà sí. Wọ́n ti fi bíírò kọ orúkọ sí i lára: Ndogbong 1.

Mo wò ó títí. Ó ti wọ yàrá dúdú yẹn, ó ti jókòó sórí tábìlì irin láàárín àwọn dígí, ìtànṣán ti bà á lára. Kò kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni, wọn ò sì bi í ní carte de séjour, ìwé ìgbélùú. Owú mú mi, gbígbóná janjan, mo sì ń jowú èèpo tí ọwọ́ ara mi bó.

Oníbàárà kan na fóònù sí mi. Mo ní kó ṣe sùúrù. Mo kọ̀wé sí Mojí pé: "Fi òkúta náà ránṣẹ́ sí mi, èyí tó tóbi. Kó o fi sẹ́lótéèpù gidi sí i, ti Ndokoti yìí kì í lẹ̀."